Ẹrù Àlejò

Ohun tí Àǹtí Síìpù kọ́kọ́ rí nígbà tó jókòó níwájú dókítà ni bọ́tìnnì tó fẹ́ já. Bọ́tìnnì kejì láti òkè ni, lára ẹ̀wù funfun gígùn tí dókítà wọ̀. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo ló kù tó dì í mú, bí dókítà bá sì ti mí, bọ́tìnnì náà á rọra mì bí èso tó ti pọ́n jù, tó ń dúró de atẹ́gùn. Àǹtí Síìpù tẹjú mọ́ ọn. Aránṣọ ni, ojú aránṣọ kì í sì í fo ohun tó bàjẹ́ lára aṣọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Síìpù, torí pé síìpù tó bá ti ya aláìgbọràn sí gbogbo aránṣọ àdúgbò, ọwọ́ rẹ̀ ló ti máa ń tẹrí ba.

Ẹnu dókítà ń mì. Obìnrin ni, kò lè ju ẹni tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ ìkẹyìn lọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé àwo ẹyin dání.

"Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

"Kí ni mo sọ?"

Àǹtí Síìpù ronú bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ká oorun mọ́ lójú. "Ẹ ní... ẹ ní òmíràn ni."

"Òmíràn ni. Kì í ṣe ti àtijọ́ ló padà wá. Èyí tuntun ni, ọmú òsì ló wà. Jẹjẹrẹ ni, ìyá, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré, a sì tètè rí i. Ìtọ́jú wà fún un."

Ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ sí i létí bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé ẹlòmíràn: ó ń gbọ́ ariwo rẹ̀, àmọ́ kò tíì pa á. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú ọ̀tún rẹ̀, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, apá ọ̀tún yẹn ló ń ṣọ́. Bó bá ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á yà síbẹ̀. Bó bá jí, ọwọ́ rẹ̀ á yà síbẹ̀. Ó dúró ti ilẹ̀kùn kan bí ọdẹ aṣọ́lé, àṣé ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni olè ń gbà bọ̀. Nígbà tó wá ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún ni wọ́n rí nǹkan ní apá òsì, tí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ wò. Kò sọ ọ́ nílé. Ó ní bó bá jẹ́ pé asán ni, kí ló dé tí òun á fi da oorun ọkọ òun rú?

"Dókítà," ó ní, "bọ́tìnnì yín fẹ́ já."

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú..."

"Ó máa bọ́ sọnù lójú ọ̀nà ni. Irú ẹ̀ ṣòroó rí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín rán an."

Kí dókítà tó rí nǹkan sọ, ó ti fa abẹ́rẹ́ yọ lẹ́yìn ọrùn bùláòsì rẹ̀, níbi tó máa ń gún un mọ́ bó bá ń jáde nílé, tòun ti òwú funfun nídìí. Ó yí tábìlì po, ó tẹ̀ síwájú obìnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde. Dókítà dúró gbagidi, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ọmọdé tí wọ́n ń wọ̀ láṣọ. Ọwọ́ Àǹtí Síìpù kò gbọ̀n rárá. Ó fi òwú yí ìdí bọ́tìnnì, ó ta á ní kókó, ó sì fi eyín já a.

Kókó. Ọ̀rọ̀ yẹn dún nínú orí rẹ̀ bí ẹni gbá agogo. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ wá ń tàsé, tí kò lè dá abẹ́rẹ́ padà síbi tó ti yọ ọ́.

Dókítà di ọwọ́ náà mú. Ojú òun náà ti pọ́n. "Ẹ ṣé, ìyá. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má dá wá o. Ẹ mú ẹnì kan dání, ká jọ jókòó sọ bí a ó ṣe ṣe é."

"Ó dáa," ni Àǹtí Síìpù wí.

Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ní òun ò ní í wá. Nígbà àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fà sí i lára sọ omi di kíkorò lẹ́nu rẹ̀, ó já irun orí rẹ̀, ó já ti ìpéǹpéjú, ó sọ ọ́ di ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wò láti ẹnu ọ̀nà, tí kò fẹ́ sún mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fa èyí tó gbẹ̀yìn ló ti búra fún ara rẹ̀ pé bí nǹkan yìí bá tún fi orí hàn, òun ò ní í na apá òun sí ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èyí tó wá dé yìí kì í ṣe ekòló. Ejò gan-an ni. Bí kò bá sì sọ fún ará ilé, kò sẹ́ni tó máa fà á lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Kó ṣáà ti pa ẹnu mọ́.

Ó rìn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà tó gbà. Ó kàn rí i pé òun ti jókòó nídìí ẹ̀rọ, téèpù ti wà lọ́rùn òun, ẹsẹ̀ òun ti ń tẹ pẹ́dà. Ẹ̀rọ ń dún, aṣọ ń lọ síwájú. Ó dà bí ẹni pé obìnrin kan ló ń ránṣọ, tí òun dúró sí òdìkejì títì tí òun ń wò ó, tí àánú obìnrin náà sì ń ṣe òun díẹ̀, bí àánú ẹni tí èèyàn kò mọ̀ rí.

Mẹkáníìkì kan tó gbé ṣòkòtò wá fún síìpù tuntun wọlé. Ohùn rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Àǹtí mi! Àǹtí Síìpù, ọ̀gá gbogbo wọn! Ṣòkòtò mi ti ṣe tán?"

Ó nà án sí i láìgbójú sókè. Ọkùnrin náà gbé ṣòkòtò sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fa síìpù sókè, ó fà á sílẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, ọwọ́ kò wọlé.

"Háà. Àǹtí, ẹ ti dí ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà tí ọkùnrin fi ń dá yàtọ̀! Ẹ wò ó. Síìpù wà níwájú, ó dára, ó ń dán bí eyín ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ rán ẹ̀yìn ẹ̀ pa. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí báyìí, ṣé kí n máa bẹ̀ ẹ́ ni?"

Àǹtí Síìpù gba ṣòkòtò náà. Òótọ́ ni. Ìlà ìránṣọ rẹ̀ lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gún régé, ó pa ẹnu ọ̀nà dé bí ìgbà tí wọ́n fi bíríkì dí ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò ṣe irú ẹ̀ rí, kódà nígbà tó ń kọ́ṣẹ́.

"Jẹ́ kí n tú u," ó ní.

Mẹkáníìkì wò ó, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àǹtí, ṣé ara yín le?"

"Ara mi le."

"Ẹ tú u lọ́la. Ẹ lọ sùn, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣì ní ṣòkòtò kan tó lọ́nà."

Nígbà tó lọ tán, Àǹtí Síìpù mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. *Ara mi le.* Ó ti sọ ọ́ fún dókítà nígbà tó wọlé, ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀. Ó wá rí i pé ẹ̀rù ń ba òun débi pé eyín òun ń lu ara wọn. Kì í ṣe ẹ̀rù ikú nìkan. Ẹ̀rù yàrá ìtọ́jú yẹn ni, ẹ̀rù àga tí wọ́n máa ń mú èèyàn jókòó sí fa abẹ́rẹ́, ẹ̀rù òórùn ọṣẹ ilé ìwòsàn, ẹ̀rù ojú ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù náà wúwo. Ó jókòó sí i láyà bí àpò ìrẹsì. Ó sì rí i pé ohun tí òun pinnu nílé ìwòsàn, kí òun pa ẹnu mọ́, kí òun dá jókòó tì í, òun ò lè ṣe é. Ẹni tó ń rán ẹnu ọ̀nà ṣòkòtò pa, báwo ló ṣe fẹ́ pa àṣírí mọ́?

Ó mú fóònù, ó sì kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ bí gbogbo wa ti ń kọ ọ́, láìfi àmì kankan lé orí ọ̀rọ̀.

"Alejo ti de."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ wọn, tó ṣì kéré, bi bàbá rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí Màámi ń sùn lójú ọ̀sán. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, pákó àti ìṣó ló mọ̀, kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ohun tó wá sí i lẹ́nu ni pé, "Àlejò kan ló wà lára Màámi. Ó máa tó lọ." Bí orúkọ náà ṣe dúró nìyẹn. Gbogbo ilé ń pè é ní àlejò. "Báwo ni àlejò lónìí?" "Àlejò ò jẹ́ n sùn." Kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ gan-an nínú ilé yẹn lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí dókítà sì ní ó ti lọ, káfíńtà ṣílẹ̀kùn ilé gbayawu, ó ṣe bí ẹni ń sin èèyàn jáde, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, má ṣe padà wá kí wa." Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Irú èyí fi ríran. Ó ti mọ ilé.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọkọ rẹ̀ ti fèsì.

"Ah! Eru po bi?"

Àǹtí Síìpù ka ọ̀rọ̀ náà, ó tún un kà. Káfíńtà tí kò lè sọ pé "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" láìfi ikọ́ sí i! Òun ló ń bèèrè ẹ̀rù yìí? Òun ló mọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, pé ẹ̀rù ni nǹkan tó wà láyà òun, pé ó ní ìwọ̀n? Omi tí kò tíì jáde lójú rẹ̀ láti àárọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí fóònù. Ó fi etí aṣọ nù ún, ó kọ̀wé padà.

"O po gan-an. Mi o le da gbe e."

Èsì dé kíá. "Ma gbe nnkan kan. Duro de mi. Mo n bo."

*Má gbé nǹkan kan. Dúró dè mí.* Ó gbé fóònù sáyà, ní apá òsì, ó sì dijú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé lóòótọ́, èèyàn lè bá èèyàn gbé fún ìgbà pípẹ́ kó má mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó.

Ariwo ọmọlanke ló mú un lajú.

Ó mọ ọmọlanke yẹn. Táyà rẹ̀ kan máa ń ké bí ọmọ ológbò. Òun ni ọkọ rẹ̀ fi ń ti pákó. Ṣùgbọ́n kò sí pákó nínú rẹ̀. Káfíńtà ti gbọ̀n ín mọ́, ó ti tẹ́ àpò sí i, okùn tuntun wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó rẹ̀ rán fún un fún òde pàtàkì, ó ti ya irun, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ yàwòrán.

"Àlejò dà?" ó ní, ó ń yọjú wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀.

Àǹtí Síìpù dìde. "Bàbá Adájọ́, kí lẹ fẹ́ fi ọmọlanke ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ìwọ lo ní ẹrù pọ̀, tó ò lè dá gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi dà? Mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ ló máa kọ́kọ́ já sí, ó ti ń lérí àtoṣù tó kọjá. Kí ló kó wá lọ́tẹ̀ yìí? Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ọlọ ìlọta ló gbé dání, bí ẹni pé eyín ò sí lẹ́nu àwa. Ọmọ ẹ ti ń gbá yàrá àlejò, mo ní kó tẹ́ aṣọ tó dáa sí bẹ́ẹ̀dì."

Obìnrin náà wò ó. Ó wo ọmọlanke. Ó wo okùn tuntun. Ọ̀rọ̀ inú fóònù wá ń yí padà níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bọ́ aṣọ tó fi wọ̀ wọ́n sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n yín kọ́," ó ní.

"Ta wá ni?"

Ó gbé ọwọ́ lé ọmú òsì rẹ̀, lórí téèpù tó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Àlejò ti ọjọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

Obìnrin náà ń wo ojú rẹ̀. Ó rí bí ẹ̀rín náà ṣe kù síbẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín ti lọ, bí iná tí wọ́n gbàgbé sínú yàrá. Ọwọ́ káfíńtà yọ lára ọmọlanke, ọmọlanke náà sì dojú dé lójijì, gbàà, gbogbo ẹni tó wà ládùúgbò wẹ̀yìn.

"Rárá," káfíńtà ní. "Ó lọ. Èmi ni mo sìn ín jáde. Mo ṣílẹ̀kùn fún un."

"Òmíràn ni. Wọ́n ní kì í ṣe èyí yẹn."

"Ẹlòmíràn?" Ó sọ ọ́ bíi pé èèyàn ni. Ó jókòó sórí ọmọlanke tó dojú dé, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, kò gbọn eruku ibẹ̀. "Mo ti gbàgbé. Bí o ṣe kọ àlejò, kò sọ sí mi lọ́kàn rárá. Mo ti ti ọ̀rọ̀ yẹn jáde nínú orí mi, mo sì fi ìṣó kan ilẹ̀kùn. Mo wá ń bèèrè ẹrù..."

"Mo rò pé ẹ̀rù lẹ̀ ń bèèrè."

"Ẹrù ni mo bèèrè! Àpótí! Báàgì!"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín kan bọ́ lẹ́nu Àǹtí Síìpù, ẹ̀rín tó jọ ikọ́, tí kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jáde. Káfíńtà náà rín ín, èjìká rẹ̀ ń mì, ó sì fi ọwọ́ bojú. Ó pẹ́ kó tó mú ọwọ́ kúrò, nígbà tó sì mú un kúrò, ojú rẹ̀ ti tutù.

"Ẹ̀rù náà ńkọ́?" ó bèèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ síbi tó yẹ kó lọ. "Ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ìyẹn. Igi ni mo mọ̀ ọ́n gbé."

"Mo mọ̀."

Àǹtí Síìpù fẹ́ lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó di ẹnu ọ̀nà mú. Káfíńtà rí i, ó dìde, ó yí ọmọlanke náà padà sójú rere, ó tún àpò inú rẹ̀ tẹ́.

"Gun orí ẹ̀."

"Orí kí ni?"

"Mo ti tì í dé ibí pé mo wá kó ẹrù. Mi ò ní í tì í padà lófìfo."

"Bàbá Adájọ́, èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Gun orí ẹ̀."

Bó ṣe gun ọmọlanke nìyẹn, tòun ti téèpù lọ́rùn, tó na ẹsẹ̀ síwájú bí ọmọdé. Wọ́n kọjá níwájú oníbúrẹ́dì, ìyẹn sì pariwo pé, "Káfíńtà! Ìyàwó tuntun lẹ gbé yẹn?"

"Ti àtijọ́ ni!" káfíńtà dá a lóhùn. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pọ́líìṣì kùn ún ni!"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn Àǹtí Síìpù ni ọkọ rẹ̀ wà, obìnrin náà kò rí ojú rẹ̀; ohun tó ń gbọ́ kò ju bó ṣe ń fa imú lọ, àti táyà tó ń ké. Nígbà tí wọ́n yà kúrò ní títì, ó sọ̀rọ̀ síwájú láìbojú wẹ̀yìn.

"Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé fún ìtọ́jú. Mi ò ní í lọ. Ẹ má bẹ̀ mí. Mo ti búra."

Káfíńtà ń tì í lọ. Nígbà tó yá, táyà náà nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ wọn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Adájọ́, torí láti kékeré ni kò ti sí ẹjọ́ tí wọ́n dá níwájú rẹ̀ tí kò ní tún un dá. Ó ti dàgbà báyìí, iṣẹ́ irun ló ń kọ́. Ó ti gbá ilẹ̀, ó ti pọn omi, ó mú ọwọ́ ìgbálẹ̀ dání bí ọ̀pá àṣẹ.

"Ẹ káàbọ̀, mà! Ẹ... Àlejò dà? Kí ló dé tí Màámi ló wà nínú ọmọlanke?"

"Àlejò náà..." bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá ìṣó nínú eruku pákó. "Ṣé o rántí, nígbà tó o kéré, àlejò kan..."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Adájọ́. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, níbi tí ọwọ́ náà wà lórí ọmú òsì, ojú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gan-an, bó ṣe máa ń rí nígbà yẹn lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀," ó ní.

"Kí la ò gbọ́dọ̀ pè bẹ́ẹ̀?"

"Àlejò! Ẹ sọ fún mi pé àlejò kan wà lára Màámi. Ìgbà tí irun Màámi tán, mo rò pé àlejò ló jẹ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń wọ̀, ẹ sì ń nà mí pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́, n kì í kí àlejò. Mo ti ń tọ́jú irun àwọn èèyàn báyìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn wa, ojú mi ṣì máa ń kọ́kọ́ lọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn lónìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yẹ abẹ́ ẹ̀ wò, mi ò sì mọ̀dí."

Àǹtí Síìpù jókòó sínú ọmọlanke, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò sún mọ́ ọn! Ó ti gbé ojú yẹn kiri láyà láti gbogbo ọdún yìí wá, ó ti rò pé ara òun ni ọmọ náà kórìíra. Àṣé àlejò ló ń sá fún.

"Ó ní orúkọ," Adájọ́ ní, ohùn rẹ̀ ti ń já. "Èèyàn kì í lé ẹni tó bá ń pè ní àlejò. Bẹ́ẹ̀dì lèèyàn máa ń tẹ́ fún un. Ẹ wo bá a ṣe tẹ́ ẹ!"

Àǹtí Síìpù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ pé jẹ́jẹ́, bíi pé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ó gbé e mì, ó tún pọ̀ ọ́ padà.

"Jẹjẹrẹ ni," ó ní. "Ó wà ní ọmú òsì mi. Ẹ̀rù ń bà mí."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó ya òun alára lẹ́nu pé ògiri kò wó.

Àkókò yẹn gan-an ni Ìyá Òkè, obìnrin tó ń gbé lókè ilé wọn, ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ látorí àtẹ̀gùn, ó gbé àga kan dání tó fẹ́ yá wọn, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú àlejò o! Ẹ kú àlejò! Mo gbọ́ pé ẹrù pọ̀, mo ní ẹ ò ní í rí àga tó! Àlejò ọ̀hún dà, kí n kí i?"

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀. Adájọ́ wo ìyá rẹ̀. Bí Àǹtí Síìpù bá ní ó ti lọ, tàbí ó ṣì ń bọ̀, Ìyá Òkè á gbé àga rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ náà á sì tún wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Òkè," ó ní, "kò sí àlejò. Jẹjẹrẹ ni wọ́n tún rí lára mi."

Ìyá Òkè dúró. Ó gbé àga náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì jókòó sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ní àárín ọ̀nà. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni, ṣùgbọ́n kò gbàdúrà. Kò ní Ọlọ́run ò ní í gbà. Ó kàn bèèrè bí ẹni ń bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń wá kó ilẹ̀:

"Ọjọ́ wo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọjọ́ Ajé," ni Àǹtí Síìpù dáhùn.

Ó gbọ́ ọ. Ohùn òun ni, ó jáde láti ẹnu òun, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó wo yíká bíi pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ọwọ́ káfíńtà ti dì í mú léjìká láti ẹ̀yìn, ó dì í mú bí ó ṣe máa ń di pákó tó fẹ́ yẹ̀.

"Ta ló ń bá yín lọ?" Ìyá Òkè bèèrè.

"Èmi," káfíńtà ní.

"Èmi," Adájọ́ ní. "Bàbá ò lè dá lọ. Bí dókítà bá sọ̀rọ̀, ìwọ̀n tábìlì ẹ̀ ni wọ́n á máa wò."

"Ta lo ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Adájọ́ wọ yàrá àlejò lọ, ó fẹ́ ká aṣọ tó tẹ́ sí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Àǹtí Síìpù tẹ̀ lé e, ó di ògiri mú bó ṣe ń lọ.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni máa sùn síbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

Ó dùbúlẹ̀ sórí aṣọ mímọ́ náà tòun ti téèpù lọ́rùn. Ọmọ rẹ̀ kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ya irun ìyá rẹ̀, irun tó tún máa já láìpẹ́, ó ń yà á bíi pé ó fẹ́ dì í fún òde ńlá. Níta, káfíńtà àti Ìyá Òkè ti ń jiyàn nípa ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ̀rù náà ò lọ. Ó ṣì jókòó síbi tó jókòó sí láti àárọ̀. Àǹtí Síìpù fi àtẹ́lẹwọ́ lé apá òsì rẹ̀ láti mọ ibi tó wà gan-an, ohun tó sì bá níbẹ̀, lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ni ọkàn rẹ̀ tó ń lù kìkìkì, bíi ti ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.